Ìṣirò Tí Iṣẹ́ Dókítà Ọpọlọ Ń Fẹ́, àti Bí O Ṣe Máa Múra Sílẹ̀ fún Un Láti WAEC Dé Wọ́ọ̀dù

C5 ni mo gbà nínú ìṣirò ní WAEC. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń pariwo ìdáhùn kí tíṣà tó kọ ìbéèrè tán lójú pátákó ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS2 bá mi ní ilé ìdáná, ó ń bá mi já ẹ̀fọ́. Ó ní, "Àǹtí, iṣẹ́ yín wù mí o, ṣùgbọ́n ṣé ìṣirò ò pọ̀ níbẹ̀?" Mo fẹ́ sọ pé kò pọ̀, mo sì rántí àwọn òru kan, mo bá dákẹ́.

Ìṣirò tí àwa dókítà ọpọlọ (psychiatrist, tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ) ń ṣe lójoojúmọ́ kò ju èyí tí wọ́n kọ́ ọ ní JSS lọ: ìsọdipúpọ̀, pínpín, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà olójú àmì (decimal). Ibi tó ti le ni pé o ò gbọdọ̀ ṣì í, bó tilẹ̀ jẹ́ aago méjì òru, tí ebi ń pa ọ́, tí aláìsàn ń pariwo, tí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì dúró tì ọ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, ìṣirò mìíràn tún wà, ti ìwádìí, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ògiri. Ọ̀pọ̀ àwa tí a sá fún ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì la lọ bá a níbẹ̀.

Ohun tí mo wá kọ fún un nìyí, mo fi díẹ̀ kún un fún ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Gba kírédíìtì rẹ, kí o má sì ju ìṣirò nù lẹ́yìn náà

Kí o tó di dókítà ọpọlọ, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di dókítà. Ní Nàìjíríà, kírédíìtì márùn-ún ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́místírì àti bàọ́lọ́jì. Tó bá wá di ti JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì ni wàá jókòó fún. Ìṣirò ò sí nínú mẹ́rin yẹn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tí JAMB ò bi mí ní ìṣirò, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ìṣirò á wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìdajì físíìsì, ìṣirò ni. Kẹ́místírì tí wọ́n ń bi ọ́ léèrè iye mole àti pH, ìṣirò náà ni. Nítorí náà, ju àwọn èyí tí o ò ní lò mọ́ sílẹ̀ tí o bá ti ṣe WAEC tán, kí o di àwọn yìí mú: ìdá, ìpín sí ìpín (ratio), ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà olójú àmì, logarithm, kíka gíráàfù, ìpíndọ́gba, àti probability. Ti circle theorem, kọ́ ọ fún ìdánwò, kí o kí i pé ó dàbọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò tíì rí aláìsàn kan tó gbé e wá.

Tí o bá ní láti pa èsì ìdánwò méjì pọ̀ kí kírédíìtì rẹ tó pé, kọ́kọ́ wo ìlànà yunifásítì tí o fẹ́ kí o tó ra fọ́ọ̀mù. Àwọn kan kì í gba èyí fún ìṣègùn, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbà á fún ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Fi orí ti 100 level, gba ibẹ̀ kọjá

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ìwọ àtàwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì lẹ jọ máa jókòó ní ọdún kìíní. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á fi calculus lé ọ lọ́wọ́. Ẹnubodè lásán ni. Ka àwọn ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, wá ẹgbẹ́ ìwé kíkà tí ọmọ engineering kan bá wà nínú rẹ̀, gba máàkì rẹ, kí o máa lọ. Mi ò tíì differentiate ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn rí.

Èyí tí mi ò ní jẹ́ kí o fojú kéré ni biostatistics, ìṣirò tí a fi ń yẹ dátà ìlera wò, tí wọ́n máa ń kọ́ wa lábẹ́ Community Medicine. Àwa rò pé kọ́ọ̀sì ìsinmi ni nígbà náà, torí anatomy ló ń lé wa kiri. Ọdún mẹ́fà ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, house job, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ dókítà tuntun ní ilé ìwòsàn, gba ọdún kan, àgùnbánirọ̀ gba òmíràn. Nígbà tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ residency, ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti di dókítà àkànṣe, mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, owó ni mo fi tún un kọ́.

Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà, kó mọ̀ pé MCAT, ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ò gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè. Kò sí calculus nínú rẹ̀, orí àti bíírò ni wàá fi ṣe gbogbo ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Mọ ìṣirò oògùn bí o ṣe mọ orúkọ rẹ

Níbí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí.

Fluphenazine decanoate, abẹ́rẹ́ tí àwọn aláìsàn wa máa ń gbà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn, 25 mg ló máa ń wà nínú 1 ml. Consultant, ọ̀gá dókítà, ní kí o fún aláìsàn ní 37.5 mg. Èló ni wàá fà sínú síríńjì? Pín 37.5 sí 25, ó di 1.5 ml. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí o fẹ́, pín in sí ohun tó wà nínú ìgò, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye omi tó wà nínú ìgò náà. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ ìlànà yìí ju àwa dókítà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọdé. Kílíníìkì wa ní Nàìjíríà kò yọ wárápá sílẹ̀, nítorí náà wàá rí ọmọ oníwárápá dáadáa. Ọmọ kan wọn kílò 18. O fẹ́ fún un ní sodium valproate, 20 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. 20 lọ́nà 18 jẹ́ 360 mg. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni yóò máa lò ó, ó di 180 mg láàárọ̀, 180 mg lálẹ́. Oògùn olómi náà ní 200 mg nínú 5 ml. 180 pín sí 200 jẹ́ 0.9, 0.9 lọ́nà 5 jẹ́ 4.5 ml. Dá dúró ná. Ìyá ọmọ náà máa béèrè pé, "Dókítà, ṣé síbí kan ni?" Síbí oògùn kan jẹ́ 5 ml, ti ilé ìdáná lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó dín. Fún un ní síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, fi bíírò sàmì sí ojú 4.5, kí o ní kó fà á lójú rẹ kó tó lọ. Bí ìṣirò bá pé lórí ìwé tí ìyá ọmọ sì lọ ń fi síbí ọbẹ̀ wọn oògùn nílé, ìṣirò kankan ò tíì ṣẹlẹ̀.

Àṣìṣe tèmi nìyí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá lóru. Orí rẹ̀ ti dàrú, ó ń wá ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Mo kọ risperidone fún un, ìdajì mílígíráàmù. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́: .5 mg. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbé ìwé náà wá bá mi, ó rọra ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìdajì ni àbí márùn-ún?" Àmì iwájú 5 náà ti pòórá sínú ìlà ìwé. Márùn-ún fún ìyá àgbà tó gbẹ bí igi ẹ̀gẹ́ yẹn, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí mo fẹ́, ó lè dùbúlẹ̀ kó má dìde mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè ṣubú kó ṣẹ́ egungun ìdí. Láti ọjọ́ yẹn, òfin méjì: máa fi òdo síwájú àmì (0.5), má sì fi òdo sẹ́yìn nọ́ńbà odidi (kọ 5, má kọ 5.0, kí ẹnìkan má baà kà á sí 50). Mi ò mọ ìṣirò mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tó gba ẹ̀mí là tó òdo yẹn.

Lithium ni èkejì tí mo fẹ́ kí o lóye. Oògùn àtijọ́ ni, ó dára gan-an fún àwọn tí inú wọn máa ń ga sókè jù tó sì tún máa ń wó lulẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ààlà rẹ̀ tín-ín-rín. A máa ń fẹ́ kó wà láàárín 0.6 sí 1.0 mmol nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Tó bá ti kọjá 1.5, májèlé ti ń bọ̀. Nínú ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dára, nǹkan bí wákàtí 24 ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò lára. Fojú inú wò ó bí korobá omi tó ń jò, tí ò ń rọ omi sí i lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kìíní, o dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tí omi máa dúró sí. Ọjọ́ kejì, 75. Ọjọ́ kẹta, 87.5. Ọjọ́ kẹrin, nǹkan bí 94. Ọjọ́ karùn-ún, 97. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gba ẹ̀jẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò títí ọjọ́ márùn-ún sí méje yóò fi pé lẹ́yìn tí a bá yí ìwọ̀n oògùn padà, tí a sì ń gbà á ní wákàtí 12 lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn. Ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó rí nọ́ńbà kékeré, tó sì fi oògùn kún un, korobá tí kò tíì kún ló ń rọ omi sí láìwojú rẹ̀.

Lithium tún ní ìwà rere kan: ìpín sí ìpín ló ń bá rìn. Bí 600 mg lójúmọ́ bá fún ọ ní 0.5, 900 mg máa fún ọ ní nǹkan bí 0.75. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń ṣe báyìí o. Phenytoin, oògùn wárápá, fún àpẹẹrẹ, iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ títí, kó wá fò sókè lójijì torí àfikún kékeré.

Bí o ṣe máa fi kọ́ra: wá ìwé kékeré kan, máa ṣe ìṣirò oògùn mẹ́ta lóòjọ́ láìlo fóònù fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, o lè máa lo fóònù. Kókó ibẹ̀ ni kí ojú rẹ máa mọ̀ nígbà tí ìdáhùn fóònù bá jẹ́ wèrè. Bí ìṣirò bá ní kí o fa abẹ́rẹ́ 15 ml sínú ìdí ẹnìkan, ìṣirò ló ṣìnà, kí o má lọ wá síríńjì ńlá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kọ́ bí a ṣe ń ro máàkì, kí o sì mọ ohun tí máàkì ò mọ̀

A kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìbànújẹ́. Ìbéèrè ni a ní. PHQ-9 ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3, àròpọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá 27. 5, 10, 15 àti 20 ni àwọn àtẹ̀gùn rẹ̀, láti ìbànújẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ dé èyí tó le gan-an. Ọkùnrin kan wá pẹ̀lú 17. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó di 8. Mẹ́sàn-án ló lọ nínú 17, ó jẹ́ ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti lé ní ìdajì, a máa ń ní oògùn ti ràn án. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó wá sílẹ̀ kọjá 5 kí a tó sọ pé àìsàn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ó sàn fún un, kò tíì bọ́. Má dá oògùn rẹ̀ dúró.

Òmíràn tún wá, àròpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 6 péré. Wò ó dáadáa: 3 nínú 6 yẹn wá láti ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó ń béèrè bóyá èèyàn ń rò ó pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òǹkà ní àìsàn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Èmi ní kò gbọdọ̀ dá nìkan lọ sílé lálẹ́ yẹn.

Ìdẹkùn kan wà nínú PANSS, ìbéèrè tí a fi ń wọn bí schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tó lè mú èèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́) ṣe le tó. Ìbéèrè 30 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 7. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò ní àìsàn kankan á ṣì gba 30, torí kò sí òdo níbẹ̀. Bí aláìsàn bá kúrò ní 90 wá sí 60, ọ̀pọ̀ á pín 30 sí 90, wọ́n á ní ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Irọ́ ni. Kọ́kọ́ yọ 30 kúrò nínú 90, ó ku 60. 30 nínú 60, ìdajì gédéńgbé. Mo ti rí i tí wọ́n bi ẹnìkan ní ìbéèrè yìí nínú ìdánwò ẹnu, òógùn bo ọmọkùnrin náà.

Nígbà mìíràn, aláìsàn ló máa ṣe ìṣirò fún ọ. A máa ń ní kó yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kó tún yọ méje, kó tún yọ méje: 93, 86, 79, 72, 65. Kí a fi mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ lè dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n gbìyànjú rẹ̀ lédè Yorùbá kí o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Méjìléláàádọ́rin. Márùndínláàádọ́rin. Bí ò ń yọ méje, èdè fúnra rẹ̀ tún ń yọ mẹ́rin kúrò nínú àádọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún náà sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún tí a ti yọ mẹ́wàá. Àyọkúrò lórí àyọkúrò! Mo ti rí ìyá oníṣòwò kan tó dúró gbagidi níbi 93, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò pa pọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ mú ₦5,000 lọ sọ́jà, ẹ ra ẹja ₦3,200, ẹ ra iyọ̀ ₦300, ṣéńjì yín ń kọ́?" Kò jẹ́ kí n pa ẹnu dé tó fi ní, "₦1,500. Iyọ̀ wo ni wọ́n ń tà ní ₦300?"

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀jẹ̀, ọkàn, àti ìwọ̀n ara

Àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni iṣẹ́ wa máa ń gbàgbé pé oògùn wa ń kan gbogbo ara.

Clozapine, oògùn schizophrenia kan, lè mú kí irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí wọ́n ń pè ní neutrophil dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a máa ń ṣírò iye wọn: gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun lọ́nà ìdá neutrophil nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní èsì wá pé 3,400, neutrophil jẹ́ ìdá 38. 3,400 lọ́nà 0.38 jẹ́ 1,292. Ìlànà gbogbogbòò ní kó tó 1,500 ká tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí aláìsàn rẹ pàdánù oògùn tó lè gbà á sílẹ̀ nìyẹn? Dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ni neutrophil wọn kéré láti ìbí wá, tí ara wọn sì le koko. Ìlànà tí Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2015 gbà á láyè pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1,000. Nọ́ńbà kan náà, ààlà méjì, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe òdiwọ̀n kì í ṣe àwa. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ní London tàbí Houston, tí aláìsàn rẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, rántí èyí kí o tó pa fáìlì dé.

Ti ọkàn: ó tó àsìkò kan ṣoṣo tí wàá nílò square root. Àwọn oògùn bíi haloperidol lè fa QT (àkókò kan nínú ìlù ọkàn, tí a ń wọn ní mílísẹ́kọ́ǹdì) gùn lórí ìwé ECG, ìwé tí ẹ̀rọ ń ya ìlù ọkàn sí, a sì ń tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí ọkàn ṣe ń sáré tó. Ọkàn tó ń lù ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, 60 pín sí 100, ó fún ọ ní 0.6 ìṣẹ́jú-àáyá láàárín ìlù méjì. Square root 0.6 jẹ́ nǹkan bí 0.775. Bí QT bá jẹ́ 380, pín in sí 0.775, ó di 490. 380 dára lójú, 490 ní kí o pe consultant. (Ọgbọ́n yìí, tí wọ́n ń pè ní ti Bazett, máa ń sọ àsọdùn díẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ń sáré, ṣùgbọ́n pè é náà.)

Ti ìwọ̀n ara kò le: kílò pín sí gíga lọ́nà gíga. Ẹni tó ga ní mítà 1.70, tó kúrò ní kílò 68 dé 77 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó ti ń lo olanzapine, ti kúrò ní 23.5 dé 26.6. Kílò mẹ́sàn-án yẹn jẹ́ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Ìdá 7 ti tó kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fiyè sí i. Ìdílé lè máa yọ̀ pé ó ti sanra, wọ́n ní ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Ìwọ ni wàá sọ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Statistics, ògiri gan-an

Nínú residency, ìwọ àti ìwé ìwádìí lẹ jọ máa gbé. Ní National Postgraduate Medical College, o ní láti ṣe ìwádìí tìrẹ, kí o kọ dissertation, kí o sì dúró gbèjà rẹ̀ ní Part II, ìdánwò ìparí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Paper B ti MRCPsych, ìdánwò àwọn dókítà ọpọlọ wọn, ní apá ńlá kan tó jẹ́ pé ṣíṣàyẹ̀wò ìwádìí ẹlòmíràn ni. USMLE, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ní Amẹ́ríkà, náà ń bi ènìyàn ní biostatistics. Kò sí ibi tí o fẹ́ sá sí.

Iṣẹ́ yìí kì í sì ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú abúlé ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, ní Abẹ́òkúta, ní 1954. Òun àti Alexander Leighton ti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ kó àwọn èèyàn wọ abúlé ilẹ̀ Yorùbá láti ka iye ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń yọ lẹ́nu, ìwé àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1963. Ìbàdàn wà lára ibi mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí schizophrenia tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn aláìsàn náà, àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà sàn ju ti àwọn ìlú olówó lọ. Títí dòní làwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí rẹ̀: ṣé ẹbí ni, ṣé irú àìsàn tí wọ́n kó jọ ni, ṣé àwọn tí wọn ò rí mọ́ ni? Bí o ò bá mọ statistics, ẹ̀gbẹ́ ibi àríyànjiyàn nípa àwọn èèyàn rẹ ni wàá ti máa wòran.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun mẹ́rin.

Èkíní, mọ ìyàtọ̀ láàárín "rí" àti "lọ́dún yìí." Ìwádìí tí Oye Gureje, dókítà ọpọlọ ní Ìbàdàn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006 ní ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi léèrè ní Nàìjíríà ló ti ní àìsàn ọpọlọ rí láyé wọn, ìdá 5.8 sì ní in láàárín oṣù 12 tó ṣáájú. Àwọn èèyàn kan náà ni. Oníròyìn tó bá da méjèèjì pọ̀ á dẹ́rù ba ìlú lásán, tàbí kó tù wọ́n nínú lásán.

Èkejì, ohun tí àyẹ̀wò tó jáde pé "bẹ́ẹ̀ ni" túmọ̀ sí. Ká fi ẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe àpẹẹrẹ, 50 nínú wọn ló ní àìsàn náà. Àyẹ̀wò rẹ ń mú 90 nínú 100 aláìsàn, ó sì ń dá 90 nínú 100 ẹni tí ara rẹ̀ le sílẹ̀. Ó dára, àbí? Nínú 50 yẹn, ó mú 45. Nínú 950 tó kù, ó ṣèèṣì mú 95. 140 ló mú lápapọ̀, 45 péré ló ní àìsàn náà lóòótọ́. Ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Ya á sórí ìwé bí àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń ya òkúta wẹ́wẹ́. Má lo fọ́múlà títí yóò fi yé ọ.

Ẹ̀kẹta, "oògùn yìí dín in kù ní ìdajì." Ìdajì kí ni? Bí 60 nínú 100 bá tún ṣàìsàn láìlo oògùn, tí ó sì jẹ́ 30 pẹ̀lú oògùn, ìdajì ni. Èèyàn mẹ́rin ni wàá tọ́jú kí ẹnìkan tó jèrè. Bí ó bá jẹ́ 2 nínú 100 tó di 1, ìdajì náà ni. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ni wàá fún lóògùn kí ẹnìkan tó jèrè. Àwọn tó ń polówó oògùn wá sí ọ́fíìsì wa mọ èyí dáadáa, wọn ò kàn ní sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, iye ènìyàn tí ìwádìí rẹ ń fẹ́. Fọ́múlà tí gbogbo wa máa ń lò: 1.96 lọ́nà 1.96, lọ́nà ìdá tí o retí, lọ́nà ìyókù ìdá náà, kí o pín in sí àṣìṣe tí o lè fara dà lọ́nà ara rẹ̀. Bí o bá retí 0.2, tí o sì fara da 0.05: 3.8416 lọ́nà 0.2 lọ́nà 0.8, pín sí 0.0025. 246 nìyẹn. Bí o bá rò pé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún máa kọ̀ láti dáhùn, má kàn fi ìdá mẹ́wàá 246 kún un. Pín 246 sí 0.9, ó di 274. Ènìyàn mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ náà sí 271, ṣùgbọ́n olùdánwò á bi ọ́.

O lè san owó fún ẹni tó mọ SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe statistics, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Àmọ́ jókòó tì í. Mo mọ ẹni tó kó gbogbo dátà rẹ̀ fún oníṣirò, ó gba táblì tó rẹwà padà. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ chi-square tí kì í ṣe t-test (ọ̀nà méjì tí a fi ń ṣe statistics), ó ní oníṣirò ló ní bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà sí i ni wọ́n fi kún tirẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà ọ́

Má sá lọ sí psychology nítorí ìṣirò. Statistics tó wà níbẹ̀ ju tiwa lọ. Má sì wá sí psychiatry torí pé o gbọ́ pé kò ní ìṣirò bíi ti surgery tàbí anaesthesia. Wá nítorí pé o lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan fún wákàtí kan láìwo fóònù. Ìyẹn ṣòro ju ìṣirò 1,292 ti clozapine yẹn lọ.

Mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ àmúrelé kan lọ́jọ́ náà. Ìgò haloperidol kan, 5 mg wà nínú 1 ml, dókítà fẹ́ 2.5 mg. Ó pa ẹ̀fọ́ tì, ó fi ẹ̀yìn ìwé owó iná NEPA ṣe é, ó gbé e fún mi kí omi ọbẹ̀ tó hó. Ìdáhùn náà tọ̀nà. Ó kọ ọ́ báyìí: .5 ml. Mo mú bíírò, mo ya òdo róbótó sí iwájú àmì náà, mo sì dá ìwé padà fún un.